Ọdún Tí Àǹtí Rìsíìtì Kò Béèrè Owó

Àìkú, ọjọ́ kẹta oṣù kẹjọ

Ìrọ̀lẹ́ la dé. Ìyá ọkọ mi ló kọ́kọ́ rí i. Ó ní, "Ìyàwó, ṣé ìwọ lo ṣí géètì sílẹ̀ báyìí?" Mo ní rárá. Àgádágodo ṣì wà níbẹ̀, ohunkóhun kò ṣe é. Irin tí a fi kọ́ ọ ni wọ́n gé.

Wọ́n ti kó wa. Màṣíìnì méjèèjì tí a fi ń kọ iṣẹ́ sára aṣọ, àti ńlá àti kékeré, wọn ò fi ọ̀kan sílẹ̀. Wọ́n kó tẹlifíṣàn, wọ́n kó fáànù, wọ́n kó gbogbo bàtà ọkọ mi. Wọ́n fa wáyà iná yọ lára ògiri yàrá iṣẹ́ bí ẹni ń fa òwú yọ lára aṣọ tí wọ́n rán bàjẹ́. Ìrẹsì tí mo gbàgbé sínú ìkòkò, wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n fọ abọ́, wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ kí omi lè ro dànù. Ẹni tó tọ́ wọn gbìyànjú.

Ọmọ mi obìnrin lọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tí màṣíìnì ńlá máa ń wà. Ojú ibẹ̀ mọ́ ju ibi tó kù lọ. N kò sunkún. Èyí tí mo sun lóṣù kẹfà nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, ó jọ pé òun ló kó gbogbo rẹ̀ lọ.

A kàn lọ kí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni. Ìyá ló ní òun fẹ́ rí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó kù fún òun.

Ajé, ọjọ́ kẹrin

A lọ sí teṣán. Ọlọ́pàá tó ń kọ̀wé bi wá pé ta la fura sí. Ìyá ní, "Olè." Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Mo ra àgádágodo tuntun bọ̀, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin. Ẹgbẹ̀rún méjì àbọ̀ ni mo ra irú rẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ìyá wò ó lọ́wọ́ mi, ó ní kí ni mo fẹ́ fi tì mọ́lé.

Báàjì ilé-ìwé ló wà lọ́kàn mi. Sáà tuntun á bẹ̀rẹ̀ ní àárín oṣù tó ń bọ̀, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin báàjì ni wọ́n ń retí lọ́wọ́ wa, kò sí èyí tí a tíì kọ ju àádọ́ta lọ. Iṣẹ́ yẹn ló ń gbé wa láti ọdún dé ọdún. Bí màṣíìnì kò bá wọlé kí oṣù yìí tó parí, ẹlòmíì ni wọ́n máa gbé e fún, kò sì ní padà. Àbúrò ọkọ mi, Bùọ̀dá Onímọ́tò, ti fóònù. Ó ní tí kò bá ṣe é ṣe mọ́, kí n fi ilé yìí háyà, kí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá máa gbé yàrá ẹ̀yìn nílé òun. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ìfẹ́. N kò fẹ́ gbọ́ ọ. Èmi àti ọkọ mi la jọ po sìmẹ́ǹtì ilé yìí.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ karùn-ún

Ọmọ mi ló rántí. Ó ń gbálẹ̀ lọ́wọ́, ó kàn dúró, ó ní, "Màámi, inṣọ́ránsì Dádì ńkọ́?"

Mo jókòó. Inṣọ́ránsì ilé àti ẹrù inú rẹ̀: iná, àgbàrá, olè. Ọkọ mi ti ń san án láti ọdún tí a ti kan òrùlé. Bí oṣù kẹfà bá ti dé, obìnrin yẹn á wọlé pẹ̀lú báàgì dúdú rẹ̀, á jókòó sórí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, á mu ife omi kan. Ọkọ mi á kówó fún un, òun á kọ rìsíìtì. Ọkọ mi ló sọ ọ́ ní Àǹtí Rìsíìtì. Mo máa ń fi ọkọ mi ṣe yẹ̀yẹ́ pé gbèsè olè tí a kò tíì rí ló ń san. Ó ní kí n máa rẹ́rìn-ín lọ, pé owó ẹ̀rín mi náà wà nínú rẹ̀.

Mo pe Àǹtí Rìsíìtì lẹ́ẹ̀mejì. Kò gbé e. Kò burú, ó lè wà lọ́nà. Oúnjẹ dùn lẹ́nu mi lálẹ́ yìí, Ìyá pàápàá bu kún tirẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ keje

Òjò láti àárọ̀. Àǹtí Rìsíìtì fúnra rẹ̀ ló wá, omi ń ro lára rẹ̀. Mo fa àga rẹ̀ fún un. Ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n dúró." Kò kọ àga yẹn rí.

Ó ní, "Ogúnjọ́ oṣù kẹfà lowó yẹn tó san. Mo wá lọ́jọ́ náà. N ò mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀, ẹnu géètì ni wọ́n ti sọ fún mi. Mo bá yín lórí ẹní. Ẹ ò mọ ẹni tó ń wọlé, ẹ ò mọ ẹni tó ń jáde. Báwo ni mo ṣe fẹ́ la ẹnu mi, kí n ní mo wá gba owó inṣọ́ránsì?"

Mo rántí. Ó jókòó tì mí lórí ẹní, báàgì dúdú lórí itan rẹ̀, kò ṣí i rárá. Àwọn tó kù ń sọ fún mi pé kí n mú ọkàn le, pé kí n wo ojú ọmọ. Òun kò sọ nǹkan kan. Ó ń sunkún bí ẹni pé ilé bàbá rẹ̀ lòkú ti sùn.

"Ṣé o kò wá lè padà wá ni?" Ìyá ló bi í.

"Mo padà wá, Ìyá. Mo bá yín lẹ́nu àdúrà, mo ṣe àmín, mo lọ. Mo wá ní màá fi owó ara mi dí i, tó bá yá kí n gbà á padà lọ́wọ́ yín. Ni wọ́n bá dá ọmọ mi dúró sí ọsibítù. Ilé-iṣẹ́ wa máa ń fúnni ní oṣù kan sí i tí ọjọ́ bá pé. Oṣù kan yẹn náà ti kọjá. Inṣọ́ránsì yẹn ti kú, mà." Ó fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀ nígbà tó gbọ́ ohun tó sọ nínú ilé wa.

N kò mọ ẹni tí mo fẹ́ bínú sí. Mo fún un ní aṣọ ìnura, ó nu orí rẹ̀, ó lọ.

Ẹtì, ọjọ́ kẹjọ

Mo bínú sí i lónìí. Ìbínú náà pẹ́ lọ́nà, ṣùgbọ́n ó dé.

Ajé, ọjọ́ kọkànlá

Mo lọ sí ilé-iṣẹ́ wọn. Àga onírin tí wọ́n dè pọ̀ mọ́ra la jókòó lé, bí ẹnì kan bá mira, gbogbo wa á mira. Ẹ̀rọ omi tútù wà ní igun, kò sí ife lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin tó dá mi lóhùn kò ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jọ eérú. Ó kí mi kú ìrọ́jú, ó fà mí ní àga, ó bi mí bóyá afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ wọn kò tutù jù. Ìwà rẹ̀ yẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Ẹni tó fẹ́ fúnni lówó kì í rọra tó bẹ́ẹ̀.

Ó ní ogúnjọ́ oṣù keje ni àyè tí wọ́n fún wa dópin. Ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ lolè wá. Láàárín méjèèjì, ilé wa kò sí lọ́wọ́ wọn.

Mo ní, "Tí mo bá san án báyìí ńkọ́?"

"Ẹ lè san án, mà. Òní ló máa bẹ̀rẹ̀. Kì í padà sẹ́yìn."

Ó wá ṣí fáìlì, ó pa á dé. Ó ní ọ̀nà kan ló kù. Bí owó bá ti dé ọwọ́ aṣojú wọn kí ọjọ́ tó pé, bí aṣojú náà tilẹ̀ ná an, wọ́n gbà pé ó ti dé ọwọ́ àwọn. Wọ́n á san gbogbo ohun tí olè kó, wọ́n á wá mú aṣojú náà. Ó ní kí èmi àti Àǹtí Rìsíìtì wá lọ́jọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, òun á gbọ́ ti ẹnu wa.

Mo ní kò sí nǹkan tó fẹ́ gbọ́. Ó ní, "Ẹ ṣì wá náà, mà."

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàlá

Mo lọ sí àdúgbò àwọn tó ń ta màṣíìnì. Àlòkù ni mo béèrè, n kò fẹ́ fi tuntun jẹ ara mi níyà. Owó tí a fi ra tiwa nígbà yẹn kò lè ra férémù rẹ̀ mọ́. Ọkùnrin tó ń tà á jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án, ó tilẹ̀ tan iná sí i fún mi. Mo jókòó sídìí rẹ̀, mo kọ òdòdó kan sára àkísà. Ó bi mí pé ṣé kí òun dì í. Mo ní mò ń bọ̀.

Ọmọ mi ti ń fi ọwọ́ kọ báàjì láti àárọ̀. Mẹ́ta ló parí. Ó dára ju ti màṣíìnì lọ, àtàǹpàkò rẹ̀ sì ti wú.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Àǹtí Rìsíìtì wá bá wa ní ilé ìdáná. Ìyá ń ṣa ẹ̀wà. Kò tíì kí wa tán tó fi ní, "Màmá, ẹ sọ pé ẹ san án fún mi."

Mo ní, "Kí ni?"

"Ẹ ní ẹ fún mi lówó lọ́jọ́ ogúnjọ́. Èmi á ní bẹ́ẹ̀ ni, pé ọsibítù ni mo ná an sí. Wọ́n á san tiyín."

Ìyá gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, Ọlọ́run á bá ọ gbé tìrẹ."

Mo bi í bóyá ó mọ ohun tí wọ́n á ṣe fún un. Ó ní wọ́n á lé òun, ìyẹn dájú. Ọlọ́pàá, kò mọ̀. Mo ní, "Olè ni wọ́n á máa pè ọ́." Ó ní, "Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń jókòó lórí àga yẹn, mà. Ọjọ́ kan ṣoṣo tó yẹ kí n ya ojú, mo tijú."

Mo bu omi fún un. Ó jókòó sórí àga rẹ̀, ó mu ún tán.

Àìkú, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mo ti pinnu. Màá sọ pé mo san án. Kí Ọlọ́run má wo apá ibí fún ìgbà díẹ̀.

Ọjọ́rú, ogúnjọ́

Mo lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé, mo ní kó fọkàn balẹ̀, báàjì ń bọ̀. Ó ní, "Ìyá Báàjì, èmi ń dúró dè yín o, àwọn òbí ni kò ní dúró dè mí." Ó fún mi títí di òpin oṣù.

Nígbà tí mo délé, ọmọ mi ti fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà sílẹ̀ ní yàrá iṣẹ́, ibi tí màṣíìnì ńlá máa wà, ibi tí kékeré máa wà. Ó ní lọ́tẹ̀ yìí kí a gbé ńlá jìnnà sí fèrèsé. Ó ń kọrin. Ó tó oṣù méjì tí mo ti gbọ́ orin lẹ́nu rẹ̀ gbẹ̀yìn.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Ìyá fúnra rẹ̀ ló lọ aṣọ tí mo wọ̀. Nínú ọkọ̀, mo ń tún ọ̀rọ̀ náà sọ lábẹ́ ahọ́n: mo kó o fún un nínú páálọ̀, ó ní òun á mú rìsíìtì wá tó bá yá. Ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ọmọdé lè sọ ọ́.

Àǹtí Rìsíìtì ti wà níbẹ̀ ṣáájú mi. Ó wọ bàtà tó máa ń wọ̀ wá sílé wa. Aláṣọ Eérú tó dá mi lóhùn lọ́jọ́sí ní kí obìnrin náà kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Mo gba owó náà lọ́wọ́ wọn. Mo ná an sórí ọmọ mi." Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n rárá. Aláṣọ Eérú wò ó. Gbogbo bó ṣe ń rọra láti ọjọ́ yìí ti kúrò lójú rẹ̀. Ó wò ó bí èèyàn ṣe ń wo ohun tó lẹ̀ mọ́ bàtà, òun náà sì jókòó jẹ́ẹ́, ó gba ìwò náà mọ́ra, ó yíjú sí mi, ó rọra mi orí pé ó kàn mí.

"Mà, kí ló sọ nígbà tí ẹ kó owó fún un?"

Mo wá èyí tí mo kọ́ lábẹ́ ahọ́n, n kò rí i. Ẹní ni mo rí, àti báàgì dúdú lórí itan. Mo ní, "Kò gba owó kankan lọ́wọ́ mi. Ó bá mi sunkún ni."

Aláṣọ Eérú fi bírò sílẹ̀. Àǹtí Rìsíìtì ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo ja òun lólè. Ó ní, "Màmá."

Kí ẹnikẹ́ni má pè mí ní olóòótọ́. Irọ́ ni mo gbé lọ síbẹ̀, mo sì fẹ́ ẹ, mo ṣì fẹ́ ẹ bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹnu mi ló kọ̀. Ní ọ̀nà ilé, mo sọ ọ́ jáde dáadáa, láìkọsẹ̀ níbì kankan, fún ara mi nínú ọkọ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Ìyá kò bá mi sọ̀rọ̀. Ògiri ló ń bá sọ̀rọ̀. Ó ní, "Òótọ́ á kọ báàjì. Òótọ́ á san owó iná. Ẹ jẹ́ kí a bu òótọ́ sínú ìkòkò, kí a wò ó bóyá ó lè di ọbẹ̀." Mo bá a rẹ́rìn-ín, ó bá wò mí, mo dákẹ́.

Ọmọ mi ti fi omi fọ ilà ṣọ́ọ̀kì. Kò bá mi jà. Ìbá ti dára kó bá mi jà.

Ẹtì, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Ìwé wọn dé. Ó kúrú. Wọ́n kẹ́dùn, wọn kò ní san. Ẹnì kan fi bírò kọ "ẹ kú ìrọ́jú" sí ìsàlẹ̀. Òun ni.

Àǹtí Rìsíìtì fóònù. Wọn kò lé e, ṣùgbọ́n wọ́n gé owó oṣù rẹ̀ sí ìdajì títí di ìparí ọdún nítorí pé ó parọ́ fún wọn. Òótọ́ tí mo sọ, kò gba èmi là, ó sì tún gé e jẹ. Mo bẹ̀ ẹ́, ó bẹ̀ mí. A ò mọ ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ gbé fóònù sílẹ̀.

Ajé, ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án

Wọ́n ti gbé báàjì fún ọkùnrin kan tó ní màṣíìnì mẹ́fà. Ọ̀gá ilé-ìwé bẹ̀ mí kí n fún un ní nọ́ńbà àwọn òwú, kí àwọ̀ má baà yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Mo kọ ọ́ fún un. Kí ni mo fẹ́ fi ṣe nílé? Ọkùnrin náà, tó wà níbẹ̀, dúpẹ́, ó ní iṣẹ́ wa mọ́. Mo pe Bùọ̀dá Onímọ́tò láti ẹnu géètì ilé-ìwé, mo ní kó bá mi wá ayálégbé.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlá

Òjò tún ti dé, ibi tó ń jò ní páálọ̀ kò jò lónìí, ó mọ̀ pé àlejò wà. Tọkọtaya ni wọ́n, ọkọ ń ta oògùn, ìyàwó lóyún. Wọ́n yẹ ilé wò yíká. Ìyàwó fọwọ́ kan ibi tí wọ́n ti fa wáyà yọ, ó ní, "Ṣé olè kì í wá àdúgbò yìí?"

N kò tíì dáhùn tí Ìyá fi ní, "Wọ́n ti wá. Wọn ò gbàgbé nǹkan kan tí wọ́n á tún padà wá gbé."

Ọkọ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ó ní òun á tún wáyà náà ṣe fúnra òun. Wọ́n gbà á. Nígbà tí wọ́n lọ tán, Ìyá ní, "Ìyàwó, gbé omi kaná." Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá mi sọ láti ọjọ́ yẹn nìyẹn. Inú ilé ìdáná ni mo ti rí ẹkún sun.

Ajé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Àwọn ọmọ ilé-ìwé ń kọjá láti àárọ̀. Òwú àwọ̀ ìyeyè lára báàjì wọn ti pọ́n jù.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Ọkọ̀ Bùọ̀dá Onímọ́tò lọ lẹ́ẹ̀kan, ó padà, ẹrù tó kù kò kún un. Ìyá ti jókòó síwájú ọkọ̀, ó gbé àpò rẹ̀ mọ́ àyà, kò fẹ́ wo ẹ̀yìn. Ọmọ mi ń gbá yàrá iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tí ó ń gbá.

Àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló kù nílẹ̀ ní páálọ̀ nígbà tí Àǹtí Rìsíìtì wọlé. Ó ti rù. Kò kí mi. Mo rò pé ìbínú ni, àfi ìgbà tí mo rí i pé ẹ̀rù ló ń bà á, pé bó bá kí mi, kò ní lè sọ èyí tó kù. Ó jókòó. Ó ṣí báàgì dúdú.

Ó ní, "Màmá, mo wá gba owó inṣọ́ránsì."

Ìyá gbọ́ ọ láti inú ọkọ̀, ó pòṣé tí gbogbo àdúgbò gbọ́. Òótọ́ ni, kí la fẹ́ dáàbò bò? Ògiri mẹ́rin àti òrùlé tó ń jò, tí àwa kò sì ní sùn sábẹ́ rẹ̀ mọ́. Olè kankan kò ní torí ìyẹn rìn wá. Mo ní kó dúró. Ife ti wọ inú àpótí, nínú ìdérí fláàsì ni mo ti bu omi fún un. Owó ayálégbé wà nínú báàgì mi, kò tíì sùn síbẹ̀ rí. Mo yọ tirẹ̀ nínú rẹ̀, mo nà án sí i.

Ó fi orúnkún ṣe tábìlì. Orúkọ ọkọ mi ló kọ́kọ́ kọ, láìrò ó, bó ṣe ń kọ ọ́ láti ọdún mọ́kànlá. Ó dúró. Ó fa ilà gba àárín rẹ̀, ó kọ orúkọ mi sókè rẹ̀, ó bi mí bóyá bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ń sunkún bó ṣe ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí ó gba owó náà kó tó dìde.